Ajá ìgboro tí ẹ gbà tọ́ lókè òkun: ohun tó yẹ kí ọmọ Ìkálẹ̀ mọ̀ kó tó gbé e wálé

Ọ̀rọ̀ ajá ti di ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà báyìí, ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí ọdún Kérésì bá ti ń kanlẹ̀kùn, tí àwọn ọmọ Ìkálẹ̀ tó wà ní London, Houston àti Toronto bá ń di ẹrù láti wá rí àwọn òbí wọn ní Òkìtìpupa, ní Igbotako, ní Ilutitun tàbí ní Ode-Irele, kì í ṣe ọmọ àti àpótí nìkan làwọn kan ń rò. Àwọn kan ní ajá nílé. Ajá ọ̀hún sì lè má jẹ́ ajá olówó ńlá rárá. Ó lè jẹ́ ajá ìgboro, èyí tí wọ́n rí he lẹ́bàá títì níbi tí wọ́n ti lọ ṣiṣẹ́ tàbí lọ gbafẹ́, tí wọ́n fún lóúnjẹ lọ́jọ́ kìíní, tí kò sì kúrò lẹ́yìn wọn mọ́. Wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Ó ti di ará ilé.

Bẹ́ẹ̀ náà lọ̀rọ̀ rí fún ẹni tó fẹ́ japa láti ọ̀dọ̀ wa níbí. Ẹni tó ní Bingo kan tó ti ń ṣọ́ ọgbà fún un láti ọdún márùn-ún lè má fẹ́ fi í sílẹ̀ fún aládùúgbò. Àjèjì tó wá ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà náà lè fẹ́ gbé ekuke tó rí nígboro dání nígbà tí iṣẹ́ bá parí.

Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí rèé: kí ló dé tí ayé fi le koko mọ́ ajá tó ń ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn? Kí ló kan Òkìtìpupa níbẹ̀? Kí ló sì yẹ kí ẹni tó fẹ́ gbé ajá rẹ̀ rìnrìn àjò ṣe, kó má baà fi ìfẹ́ ajá kó ewu wọ agboolé?

Àrùn kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ dá lé

Orúkọ àrùn náà ni dìgbòlugi. Kò sí ẹni tó dàgbà ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò mọ orúkọ náà. Kòkòrò tó ń fà á kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. Inú itọ́ ẹranko tó ti kó àrùn náà ló máa ń wà, ojú ọgbẹ́ ló sì ń gbà wọ ara ènìyàn, yálà ajá gé èèyàn jẹ, tàbí ó fi èékánná ya á, tàbí ó fẹnu lá ibi tí awọ ti bó. Láti ojú ọgbẹ́ náà ni yóò ti máa gba inú iṣan lọ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi máa dé ọpọlọ. Bó bá ti dé ọpọlọ, tí àmì àrùn sì ti yọ, ikú ló máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn tó yè é lẹ́yìn tí àmì ti yọ kò tó nǹkan ní gbogbo ayé.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fojú bù ú pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni àrùn yìí ń pa lọ́dọọdún. Ilẹ̀ Áfíríkà àti Éṣíà ni èyí tó pọ̀ jù lọ nínú wọn ń gbé. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó bá kó o, bíi 99 ló jẹ́ pé ara ajá ni wọ́n ti kó o. Èyí tó yẹ kó dun gbogbo òbí jù ni pé nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ajá bẹ́ẹ̀ ń gé jẹ ni kò tíì pé ọmọ ọdún 15. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ọmọdé ló ń bá ajá ṣeré, ọmọdé ló ń ju òkò lù ú, ọmọdé náà ló sì ń fi ọgbẹ́ pamọ́ nítorí ẹ̀rù ìyá àti bàbá.

Ohun kan wà nínú àrùn yìí tó ṣàlàyé gbogbo òfin tí a fẹ́ mẹ́nu bà. Kì í yọ jáde lójú ẹsẹ̀. Láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta ló sábà máa ń fara hàn lára ènìyàn, ó lè yá ju bẹ́ẹ̀ lọ tàbí kó pẹ́ tó ọdún kan. Ajá náà lè gbé e sára fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kó máa jẹun, kó máa mi ìrù, kó máa bá ọmọ sáré kiri ọgbà. Nítorí náà, wíwo ajá lójú kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé ara rẹ̀ dá. Ìwé, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti iye ọjọ́ ló lè sọ ọ́.

Ohun tí ojú ayé ti rí

Àwọn kan rò pé àwọn òyìnbó kàn fẹ́ fi òfin ni èèyàn lára ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Ẹ gbọ́ díẹ̀ nínú ohun tó ti ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí ogun àgbáyé kìíní parí, àwọn ọmọ ogun tó ń darí bọ̀ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó ajá tí wọ́n rí he lójú ogun wọlé ní bòókẹ́lẹ́. Láti 1918 ni dìgbòlugi tún ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti lé e lọ tẹ́lẹ̀. Ó di 1922 kí wọ́n tó rí i pa rẹ́. Láti ìgbà náà, títí wọ ọdún 2000 tí wọ́n ṣí ètò ìrìnnà ẹran ọ̀sìn sílẹ̀, oṣù mẹ́fà gbáko ni ajá tó bá ti òkèèrè wọ UK fi ń wà ní àtìmọ́lé ìyàsọ́tọ̀.

Ní 2004, ẹnì kan rí ọmọ ajá kan gbé láti Mòrókò, ó sì fi mọ́tò gbé e kọjá wọ ilẹ̀ Faransé láìsí ìwé kankan. Ajá náà kú ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, àyẹ̀wò sì fi hàn pé dìgbòlugi ló pa á. Kó tó kú, wọ́n ti mú un lọ sí òde ayẹyẹ kiri. Ìjọba ibẹ̀ ní láti máa wá gbogbo ẹni tó fọwọ́ kàn án káàkiri, ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó gba abẹ́rẹ́ nítorí ajá kan ṣoṣo.

Ní 2015, wọ́n kó ajá àti ológbò láti Íjíbítì lọ sí Amẹ́ríkà kí àwọn ènìyàn lè gbà wọ́n tọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ajá náà ní dìgbòlugi lára. Ìwé abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ àwọn tó kó wọn, ayédèrú ló sì jẹ́. Ní oṣù Kẹfà 2021, ẹgbẹ́ kan tó ń gba ẹranko là kó ajá 33 àti ológbò kan láti Azerbaijan wọ Amẹ́ríkà. Ọ̀kan nínú wọn dé ọ̀dọ̀ ẹni tó gbà á tọ́ ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, kò sì pẹ́ tí àrùn náà fi yọ lára rẹ̀. Orílẹ̀-èdè tó ti kéde láti 2007 pé òun ti lé dìgbòlugi ajá kúrò nílẹ̀ òun ni nǹkan yìí ṣẹlẹ̀ sí o.

Èyí tó dun ni jù ni ti ọ̀dọ́bìnrin ará Norway kan, ọmọ ọdún 24. Ó lọ gbafẹ́ ní Philippines ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí ọmọ ajá kan lẹ́bàá títì tí ìyà ń jẹ, wọ́n gbé e, wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n ń bá a ṣeré. Ọmọ ajá náà fi eyín kékeré rẹ̀ gé wọn jẹ bí ọmọ ajá ṣe máa ń ṣe. Ọgbẹ́ náà kéré, kò sẹ́ni tó kà á sí. Ó padà sílé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn, ó sì kú ní oṣù Karùn-ún. Ọgbẹ́ tí wọn kò kà sí ló pa á, nígbà tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ tí ì bá gbà á là wà.

Bí Nàìjíríà ṣe wà lára àwọn orílẹ̀-èdè eléwu

 Ní ọjọ́ 14 oṣù Keje 2021, CDC, ìyẹn àjọ tó ń gbógun ti àrùn ní Amẹ́ríkà, dá kíkó ajá wọlé láti àwọn orílẹ̀-èdè tó lé ní ọgọ́rùn-ún dúró, àfi ẹni tó bá gba àṣẹ pàtàkì. Nàìjíríà wà lára wọn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ 2024 ni òfin tuntun ti rọ́pò ìdádúró náà: wọ́n ṣílẹ̀kùn, àmọ́ wọ́n fi ẹ̀ṣọ́ sí i. Nàìjíríà ṣì wà nínú ìwé àwọn orílẹ̀-èdè tí dìgbòlugi ajá ti ń jà gan-an.

UK náà kò yọ wá sílẹ̀. Lójú tiwọn, ibi tí ajá ti gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kó tó wọlé ni Nàìjíríà. Bákan náà lọ̀rọ̀ rí ní àwọn orílẹ̀-èdè tó para pọ̀ di EU.

Ṣé wọ́n purọ́ mọ́ wa? Ká sọ òótọ́ fúnra wa. Ajá mélòó ló wà ní àdúgbò yín tó ti gba abẹ́rẹ́ lọ́dún yìí? Nínú wọn, mélòó ló ní káàdì tí dókítà ẹran fọwọ́ sí? Ajá tó ń jẹ̀ kiri ọjà, tó ń sùn lábẹ́ ìsọ̀ alápatà, ta ni olówó rẹ̀? Kì í ṣe pé ajá wa burú. Ohun tí ayé ń bi wá ni pé kí ni ẹ̀rí, a ò sì ní ẹ̀rí láti fi hàn.

Ohun ìyanu ni pé kì í ṣe pé a ò ní ìmọ̀. Ilé ìwádìí ìjọba tó wà ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, tí wọ́n dá sílẹ̀ láti 1924, ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi fún ajá. Mokola, ní Ìbàdàn wa níbí, ni wọ́n fi sọ kòkòrò kan tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí dìgbòlugi lórúkọ, nítorí ìwádìí tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1968. Ìmọ̀ wà. Kí abẹ́rẹ́ dé ara ajá Okoro Bìnrin àti ajá Lágbájá ní Òkìtìpupa ló kù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọjọ́

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ fẹ́ gbé Bingo láti Òkìtìpupa lọ sí UK. Ohun àkọ́kọ́ ni microchip, ohun kékeré bí hóró ìrẹsì tí dókítà ẹran máa fi abẹ́rẹ́ tì sábẹ́ awọ ọrùn rẹ̀. Nọ́ńbà inú rẹ̀ ni orúkọ Bingo lójú òfin. Ó gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀ ṣáájú abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, tàbí lọ́jọ́ kan náà. Bí ẹ bá gún abẹ́rẹ́ kí ẹ tó fi microchip sí i, asán ni abẹ́rẹ́ náà lójú wọn, ẹ ó tún un gún ni.

Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ẹ ó dúró fún ọjọ́ 30, kí ara ajá lè ní agbára. Ẹ ó wá gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ibi àyẹ̀wò tí wọ́n fọwọ́ sí. Bí èsì bá dára, ẹ ó tún dúró fún oṣù mẹ́ta, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ náà. Kí nìdí oṣù mẹ́ta? Ẹ rántí ohun tí a sọ lókè: àrùn yìí máa ń fara pamọ́. Bó bá jẹ́ pé ajá ti kó o kó tó gba abẹ́rẹ́, ó ṣeé ṣe kó yọ jáde láàárín àkókò yẹn. Lápapọ̀, ó kéré tán, oṣù mẹ́rin. Nígbà tó bá ku ọjọ́ kan sí márùn-ún kó dé ibẹ̀, dókítà ẹran gbọ́dọ̀ fún un ní oògùn aràn, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀ díẹ̀. Ajá tí kò bá tíì pé oṣù mẹ́fà kò lè wọlé rárá, ibi yòówù kó ti wá. Microchip wà níbẹ̀, abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀. Ẹ ó gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 30, yóò sì tó ọjọ́ 28 lẹ́yìn ìyẹn kí ajá tó wọlé. Dókítà ẹran ìjọba gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Àwọn pápá ọkọ̀ òfurufú díẹ̀ tí CDC yàn nìkan ló lè gbà wọlé, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti gba àyè sílẹ̀ fún un ní ibi ìtọ́jú ẹranko tó wà níbẹ̀. Bí kò bá sí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ọjọ́ 28 ni ajá máa fi wà ní ìyàsọ́tọ̀, ẹ̀yin lẹ ó sì san owó rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tí físà rẹ̀ jáde lónìí, tó fẹ́ wọkọ̀ lọ́sẹ̀ méjì sí i, kò lè gbé ajá rẹ̀ dání. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun lè rìnrìn àjò lọ́dún yìí, ọjọ́ tó kọ ìwé béèrè físà ló yẹ kó mú ajá lọ fún microchip. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó máa ń parí sí kí wọ́n fi ajá sílẹ̀ fún mẹ́gádì, kí mẹ́gádì náà sì lọ, kí ajá di ajá ìgboro. Japa ń bí ajá ìgboro, a kì í sáà sọ ọ́.

Ẹni tó ń gbé ajá bọ̀ wálé ńkọ́?

Ó rọrùn díẹ̀, àmọ́ kì í ṣe pé kéèyàn kàn gbé ajá sínú àgò kó sì máa bọ̀. Láti 1988 ni òfin ìjọba àpapọ̀ lórí àrùn ẹranko ti sọ pé kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ kó ẹranko wọ Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ. Abẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni ẹ̀ka tó ń rí sí ìlera ẹran wà, ọ̀dọ̀ wọn lẹ ó ti béèrè ìwé àṣẹ náà kí ajá tó gbéra. Ẹ ó tún gba ìwé ìlera lọ́wọ́ dókítà ẹran ìjọba ní ibi tí ẹ ti ń bọ̀, pẹ̀lú ẹ̀rí abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Bí ẹ bá dé pápá ọkọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ẹranko wò máa wo ìwé àti ajá. Ní oṣù Keje 2024, Ààrẹ Bola Tinubu dá ilé iṣẹ́ ìjọba lọ́tọ̀ sílẹ̀ fún ẹran ọ̀sìn, nítorí náà ẹ béèrè ọ́fíìsì tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, ẹ má gbára lé ohun tí ọ̀rẹ́ yín ṣe lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn.

Ẹni tó bá ti Kútọnu tàbí Lọmé rí ajá he, tó fẹ́ gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé, ìwé kan náà ló nílò. Ilẹ̀ Benin àti Togo náà kò bọ́ lọ́wọ́ dìgbòlugi. Ẹ̀yìn ìjókòó mọ́tò kọ́ ni wọ́n ń fi ajá pamọ́ sí. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé òun lè bá yín ṣe káàdì abẹ́rẹ́ láìrí ajá, ẹ sá fún un. Ayédèrú ìwé kò lè dá kòkòrò dúró. Ẹ ti gbọ́ ti Íjíbítì.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í rántí: ìrìn àpadàlọ. Ajá tó gba abẹ́rẹ́ ní Amẹ́ríkà, tó wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Òkìtìpupa, ti di ajá tó ń ti orílẹ̀-èdè eléwu bọ̀ lójú wọn. Ẹ gbọ́dọ̀ ti gba ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ẹni tó ń ti UK bọ̀, kó ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà kó tó gbéra, kó má baà jẹ́ pé ilé Ìyá Àgbà ni ajá máa wà fún oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí olówó rẹ̀ ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ sì rò ó bóyá ìrìn náà tilẹ̀ ṣe ajá lóore. Àgò ẹrù lọ̀pọ̀ ajá máa ń wà nínú ọkọ̀ òfurufú. Láti Èkó dé Ore, kó tó yà sí ọ̀nà wa, wákàtí púpọ̀ ni nínú oòrùn. Ooru ilẹ̀ wa kì í ṣe ti ajá onírun púpọ̀. Eégbọn wà níbí. Ariwo bánga lásìkò Kérésì lè mú kí ajá já okùn, kó sá wọgbó, ajá tí kò sì mọ àdúgbò kò ní mọ ọ̀nà ilé. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ní ìpínlẹ̀ wa yìí, ajá tó bá ṣìnà kì í pẹ́ kó tó di ẹran ìkòkò. Bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì péré lẹ fẹ́ lò, ẹ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n tọ́jú níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ ń padà wálé pátápátá, ìgbà yẹn ni gbogbo wàhálà yìí tó ohun tí à ń dá lé.

Ẹnu ayé

A mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní, “Ènìyàn ò tíì rówó wọ bọ́ọ̀sì, ajá ń wọ ọkọ̀ òfurufú!” Ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀. Nígbà tí ìyá tí ajá gé ọmọ rẹ̀ jẹ kò rówó ra abẹ́rẹ́, ó máa ń ta èèyàn létí pé ẹnì kan ná owó tó tó ti ìwé ọkọ̀ ènìyàn sórí ajá kan.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Ẹni tó gbà ajá tọ́, tó fi microchip sí i, tó gún un lábẹ́rẹ́, tó dúró fún oṣù mẹ́rin, kọ́ ló ń kó ewu bá wa. Ajá tirẹ̀ ni ajá tí ara rẹ̀ dá jù lọ ní àdúgbò. Ẹni tó ní ajá mẹ́rin nílé, tí kò gún ọ̀kankan lábẹ́rẹ́ rí, tó sì ń ṣílẹ̀kùn fún wọn láràárọ̀ kí wọ́n lọ wá oúnjẹ, òun gan-an ló yẹ ká bá wí. Ẹni tó ń pa ajá fún títà náà wà nínú ewu ńlá, torí pé òun ló ń fọwọ́ kan itọ́ àti ọpọlọ rẹ̀. Ajá mìíràn tó ń rà sì jẹ́ èyí tí wọ́n kó láti òkè Ọya, tí kò mọ ìtàn rẹ̀.

Ohun tí a lè bẹ àwọn ọmọ wa lókè òkun ni pé bí ẹ bá ṣe tán láti náwó báyìí sórí ajá kan, ẹ fi díẹ̀ kún un fún àwọn ajá àdúgbò yín. Abẹ́rẹ́ ajá wọ́n díẹ̀ ni. Ti ènìyàn tí ajá ti gé jẹ ló wọ́n gan-an. Ẹni tó bá fẹ́ràn ajá ìgboro, kò dìgbà tó bá dé òkè òkun kó tó rí èyí tó máa gbà tọ́. Ní Èkó, dókítà ẹran kan, Mark Ofua, dá ilé ìtọ́jú kan tó ń jẹ́ St. Mark's Animal Rescue Foundation sílẹ̀ fún irú àwọn ẹranko bẹ́ẹ̀. Àpẹẹrẹ ni fún àwọn tó wà ní agbègbè wa.

Bí ajá bá gé ènìyàn jẹ

A ò lè parí ọ̀rọ̀ yìí láì sọ èyí, torí ó lè gba ẹ̀mí là lálẹ́ òní. Ìbáà jẹ́ ajá òkè òkun, ìbáà jẹ́ ajá Ìyá Risi:

Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi epo pupa sí i, ẹ má fi ata sí i, ẹ má fi irun ajá náà sí i.

Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹ sọ fún dókítà pé ajá ló gé yín jẹ, kó lè bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, ẹ gbọ́dọ̀ padà lọ gba èyí tó kù ní ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún yín. Bí ọgbẹ́ bá jinlẹ̀, wọ́n lè fi irú abẹ́rẹ́ mìíràn kún un sójú ọgbẹ́ náà.

Ẹ má sáré pa ajá náà kẹ́ ẹ gbé e jù sígbó. Bó bá ṣeé ṣe láìséwu, ẹ so ó mọ́lẹ̀, kí dókítà ẹran máa wò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ajá tó ní àrùn náà nínú itọ́ lọ́jọ́ tó gé yín jẹ kì í yè kọjá ọjọ́ mẹ́wàá náà. Àmọ́ ẹ má torí pé ẹ ń wo ajá kẹ́ ẹ dá abẹ́rẹ́ dúró, àfi bí dókítà bá ní kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ kọ́ àwọn ọmọ pé bí ajá bá ya wọ́n lára, kí wọ́n sọ. Ẹ má na ọmọ tó wá sọ. Ọmọ tí wọ́n nà lónìí máa pa á mọ́ra lọ́la.

Iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, iṣẹ́ àwa náà

Mexico ti ṣe é rí, a lè kọ́ ọgbọ́n lára wọn. Láti nǹkan bí 1990 ni ìjọba ibẹ̀ ti ń gún ajá lábẹ́rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ kárí orílẹ̀-èdè, lọ́dọọdún. Ní 2019, WHO kéde Mexico ní orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ lágbàáyé tó fòpin sí ikú tí dìgbòlugi ajá ń fà. Lónìí, Mexico kò sí nínú ìwé àwọn orílẹ̀-èdè eléwu tí Amẹ́ríkà kọ. Kì í ṣe àbẹ̀tẹ́lẹ̀, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ aṣojú ìjọba. Abẹ́rẹ́ ló yọ orúkọ wọn kúrò.

Àwọn onímọ̀ sọ pé bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ajá tó wà ní agbègbè kan bá gba abẹ́rẹ́, àrùn náà kò ní ríbi gbà tàn kálẹ̀ mọ́. Àjọ WHO àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti dá 2030 pé kí ikú yìí dópin. Ọdún yẹn kò jìnnà mọ́.

Ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa àti ti Ìrèlè kò ju mẹ́ta lọ. Èkíní, kí wọ́n ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́dún, bí àpẹẹrẹ ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án tí gbogbo ayé fi ń sọ̀rọ̀ dìgbòlugi, kí àwọn dókítà ẹran lọ gún ajá lábẹ́rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lójúde àwọn ọba wa àti lọ́jà. Èkejì, kí abẹ́rẹ́ ti ènìyàn wà nílé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Òkìtìpupa, kó má jẹ́ pé òbí máa gbé ọmọ lọ sí Àkúrẹ́ nítorí rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí ajá kọ̀ọ̀kan tó bá gba abẹ́rẹ́ ní káàdì, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ìjọba ìbílẹ̀.

Káàdì yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Òun ni ẹni tó ń lọ sí London máa nílò lọ́jọ́ tó bá fẹ́ gbé Bingo dání. Òun náà ni ìyá máa fẹ́ rí lọ́jọ́ tí ajá aládùúgbò bá gé ọmọ rẹ̀ jẹ. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Bí a bá ní káàdì sílẹ̀ kí ajá tó gé ẹnikẹ́ni jẹ, kí òyìnbó tó bi wá, a ó gba ìtìjú, a ó gba owó, a ó sì gba ẹ̀mí là.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ajá nílé, ẹ wò ó lálẹ́ òní. Ìgbà wo ló gba abẹ́rẹ́ kẹ́yìn? Bí ẹ ò bá rántí, ó ti tó àkókò.